Àwọ̀ Mọ́kànlá

Eluned Prydderch gbé àkàbà ti òpó kẹtàdínlógún
ní ibùdókọ̀ ojú irin Porth Gwylan,
níbi tí ilẹ̀ Wales ti panu mọ́, tí òkun gba ọ̀rọ̀ sọ.
Ìjọba ìlú ní kò sówó ọ̀dà lọ́dún yìí.
Ó ní kò burú. Ó fowó ara rẹ̀ ra garawa méjì,
ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ọ̀dà àtijọ́
bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, ojú rẹ̀ náà sì ń ṣomi,
ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni, ẹ má bá a kẹ́dùn.

Búlúù ló kọ́kọ́ ṣí. Abẹ́ búlúù, pupa.
Abẹ́ pupa, àwọ̀ eérú.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí eérú.
Ọdún ogun ni wọ́n kùn ún,
ọdún tí wọ́n tú gíláàsì òrùlé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan,
tí wọ́n tẹ́ ẹ sínú koríko gbígbẹ
kí bọ́ǹbù má baà sọ ọ́ di òjò abẹ lórí èrò.
Ojú ọ̀run wọlé wá jókòó láàrin wọn.
Àwọn ọmọ Liverpool sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ òrùlé oníhò,
páálí orúkọ lọ́rùn wọn bí ẹrù ìfiránṣẹ́.
Wọ́n ní kí ìyá Eluned, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mú ọ̀kan.
Ó mú èyí tó ti tọ̀ sára, tí kò sunkún.
Ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ jẹ ọ̀dùnkún nínú abọ́ kan.
Ọmọ náà padà sílé, kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo.
Títí ìyá fi kú, bí ọkọ̀ aago mẹ́rin bá fọn fèrè,
á gbé orí sókè,
á tún máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Abẹ́ eérú, wàrà, ewé, wàrà, ewé:
ìgbà àwọn tó ń la òkúta lórí òkè,
tí ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dún
wọ́n á gbéra tìyàwó tọmọ wá wo omi,
eruku òkúta ṣì wà nínú ìlà ọwọ́ wọn.
Ìdí nìyí tí pèpéle fi gùn ju ìwàásù lọ:
ọkọ̀ oníyàrá mẹ́rìnlá ló ń gbà.
Wo bí òrùlé ti na apá bò ó bí àgbébọ̀ adìẹ,
etí pákó rẹ̀ tí wọ́n gé bí eyín kí òjò lè kán létòlétò,
bíríkì pupa, òkúta funfun ní igun,
fèrèsé róbótó bíi ti ọkọ̀ òkun.
Ilé aago ní ojú mẹ́ta. Ìhà omi ṣófo.
Ilé-iṣẹ́ rélùwé ní ẹja kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀gbẹ́ni Hallewell tó ya àwòrán ilé náà kò rí òkun rí;
inú ìwé ló ti wo ewéko omi
tó fi dé òpó méjìdínlógún lórí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọkùnrin oníwèé. Kò ní àwọ̀ tirẹ̀.
Láti London ló ti wá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan (ìṣẹ́gun ta ni?)
nínú Fẹ́búárì, òjò ń rọ̀.
Ó ka èrò: mẹ́fà, àti ajá.
Ta ní ń ka èrò etíkun lọ́jọ́ òtútù?
Wọ́n hú irin pèpéle mẹ́ta.
Mọ́tò ló ń sùn níbẹ̀ báyìí.

Búráwùn mẹ́ta, tí kò sẹ́ni tó rántí ọba ìgbà wọn.
Ìkọkànlá, dúdú. Lẹ́yìn rẹ̀, irin fúnra rẹ̀.
Ọ̀bẹ kọ́ nǹkan láàrin ewé.
Akàn ni, akàn kékeré tó ká ẹsẹ̀ jọ,
tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ní ilé ìyọ́rin yọ́ fi sí i
nígbà tí ọ̀gá lọ jẹun.

Ọkọ̀ oníyàrá méjì dé. Ọmọkùnrin kan ló sọ̀, òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.
"Mama, kí lẹ ń fá yẹn?"
Afẹ́fẹ́ ti tún gbé iyọ̀ dé,
ó ń lẹ̀ mọ́ irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà níhòòhò.
"Kọ́kọ́ wá bá mi di àkàbà mú," ni Eluned wí.