Ohun Tí Wọ́n Ń Ṣe Lọ́hùn-ún

Ọyẹ́ ti dé Ṣábẹ. Ètè àwọn ọmọ ti là,
wọ́n jókòó yí iná mi ká lẹ́sẹ̀ òkè.
Wọ́rú, ọmọ àbúrò mi, ló kọ́kọ́ bèèrè:
"Táńtì, nígbà òtútù ní Ìtálì,
tí ilé ìwé bá wọ kọ́ńjé, kí ni wọ́n máa ń ṣe?"

Wọ́n máa ń gun òkè, mo ní.
Kí ni wọ́n ń wá lórí òkè?
Wọn ò wá nǹkan kan.
Wọn ò ṣẹ́gi, wọn ò dẹ̀gbẹ́,
wọn ò sá fógun bí àwọn baba ńlá wa.
Wọ́n so pákó pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì,
wọ́n sanwó kí àpótí onírin fi okùn fà wọ́n gòkè,
wọ́n sì yọ̀ wálẹ̀, ṣọ̀ọ̀ọ̀ọ̀, dé ìsàlẹ̀,
wọ́n tún tò, wọ́n tún sanwó.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà ní Tirẹntíno,
ní hòtẹ́ẹ̀lì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí yìnyín.
Ìbídùn lorúkọ mi. Ahọ́n ọ̀gá mi ò gbé e parí:
"Ibi!" ni í ké láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, "Ibi, wá!"
Èmi tí bíbí mi dùn, mo di ibi,
mo sì ń jẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí?
Mo ń tú bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún lójúmọ́,
mo ń tẹ́ méjìdínlógún. Aṣọ funfun nínú ilé,
ilẹ̀ funfun níta; nígbà mìíràn
n ò mọ èwo nínú méjèèjì ni mo ń ṣẹ́po.

Wọ́n tún máa ń jẹun. Wọ́n á ro àgbàdo pupa nínú ìkòkò bàbà,
wọ́n á dà á sórí pákó, wọ́n á kó olú inú igbó tì í,
wọ́n ní polẹ́ńtà ni. Mo wò ó, mo tọ́ ọ wò.
Ọkà ni! Ọkà ilé wa, tí wọn ò tilẹ̀ rò jinná,
yúrò mẹ́rìndínlógún.

Wọ́n á wọ yàrá ooru, wọ́n á làágùn bí ẹni ń yan gààrí,
wọ́n á sáré síta ní ìhòòhò lọ yí gbiri nínú yìnyín,
wọ́n á máa ké. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn.
Lálẹ́, wọ́n á mu wáìnì gbígbóná tí wọ́n fi kànáfùrù sè
nínú ọjà kékeré kan tó kún fún àtùpà,
èmi á máa kọjá lọ lẹ́bàá ògiri,
ìka mi á máa ta mí bí ata.

"Ìwọ ńkọ́?" Báakẹ́ bèèrè. "Ṣé o yọ̀ rí?"

Mo dákẹ́ díẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo yá pákó ọmọ ọ̀gá,
mo dúró lórí gegele ẹ̀yìn ilé ìdáná.
Mo wo ìsàlẹ̀. Mo ro ti ìyá mi,
mo ro ẹsẹ̀ tó bá kán, owó oṣù tí yóò dúró.
Mo tú okùn.
Mo gbé pákó padà síbi tí mo ti mú un.

Ó tó, ẹ lọ sùn.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí ọyẹ́ tó ká kúrò lójú òkè,
Wọ́rú ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ,
àwọn yòókù lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn funfun bí ẹni tẹ eérú.
A gun àpáta náà níbi tó ti dán,
tí ìdí ọmọdé ìran mélòó ti nù ún.
Ìsàlẹ̀ rèé: òrùlé páànù, oko òwú tí wọ́n ti ká,
ojú irin tí ọkọ̀ ò gbà mọ́.
Mo jókòó sórí imọ̀, èmi àgbàlagbà.
"Táńtì Ìbídùn!" ni wọ́n ń ké, orúkọ náà pé pérépéré.
Kò sẹ́ni tó gbowó lọ́wọ́ mi.
Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ìró mi ya lẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá bi yín
ohun tí à ń ṣe ní Ṣábẹ nígbà ọyẹ́,
ẹ ní mo ní kí ó mú ìró àlòkù wá.