Àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú ní Òkè-Àgbò

Aago mẹ́fà ku díẹ̀, mo ti jí rédíò mi lójú oorun,
oníbátìrì mẹ́rin tí mo fi owó gẹdú rà
lọ́dún tí iná jó sọ́ọ̀mìlì wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó.
Èérún pákó ṣì há sí ihò ẹnu rẹ̀;
bó bá ń sọ̀rọ̀, á máa wúkọ́ bí èmi náà.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jókòó tì í láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú.
Àwọn onígbàgbọ́ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà wọn ń dún kò-kó-kò,
èmi tí mo ti kírun Àsùbáà tán
ń dúró de òyìnbó onífìlà gbàgẹ̀rẹ̀ kan
tó ń fi gìtá sunkún ẹṣin tó kú,
tàbí ìyàwó tó bá rélùwéè lọ. N ò mọ èwo.
N ò gbọ́ ju “lọ́ọ̀fù” lọ níbẹ̀,
ṣùgbọ́n ohùn ọ̀hún ń rọra fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀
bí awakọ̀ agégẹdú tó ti igbó Jéè-Fọ́ọ̀ bọ̀ lóru
tí kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni.
Ṣẹ̀fíátù, kó tó kú, a máa bi mí: “Kí ló ń wí?”
Máa ní, “Ó ní ilé jìnnà.”
“Òótọ́ ni,” yóò wí, á máa po ògì rẹ̀ lọ.

Lónìí, gìtá bẹ̀rẹ̀. Mo gbé kọ́ọ̀pù tíì sílẹ̀.
Ìlà kejì ni nǹkan já lù ú: gbì, gbì, gbì,
bí ẹni ń fi ọmọ odó gún irin.
Ọmọkùnrin kan kó wọ inú orin, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà,
ó ń yin mọ́tò, ó ń yin ìdí,
òyìnbó mi ń sunkún lọ lábẹ́ rẹ̀
bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ balùwẹ̀.

Mo pe ilé-iṣẹ́ wọn. Nọ́ńbà wọn wà lára ògiri,
èédú ni Ṣẹ̀fíátù fi kọ ọ́.
Tinúadé ọmọ Ọ̀ṣíbógùn ló gbé e,
ohùn bí àgbálùmọ̀, tó dùn, tó sì kan díẹ̀.
Mo ní, “Ọmọ mi, a kì í da mílíìkì sí gààrí Ìjẹ̀bú.”
Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, nílé tiwa, à ń dà á.
Àwọn ọ̀dọ́ ti ń pa rédíò. Ẹni tó ń polówó ọṣẹ
kò fẹ́ orin tó ń mú èèyàn sùn.
Ẹ jẹ́ kí òyìnbó yín rí ẹni bá rìn.”
Mo ní kò sí nínú àdéhùn wa. Ó ní, “Àdéhùn wo?”
Ibẹ̀ ni owó fóònù mi tán.

Bàbá mi ní Atíkórì, sákárà nìkan ló ń gbọ́.
Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tan gìtá yìí nílé rẹ̀,
ó ju bàtà lu rédíò:
“Ta ló kú nílùú òyìnbó tí ò ń bá wọn sunkún?”
Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, n ò rántí ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo máa fi yíjú, Káfáyà ọmọ-ọmọ mi
ti gbé rédíò lọ sẹ́yìnkùlé,
ó ń gbálẹ̀, ìdí ń gbá a tẹ̀ lé e.
“Bàbá àgbà, ẹni tó ń sunkún nísàlẹ̀ yẹn, kí ló ń wí?”
Mo yanu. Ọmọkùnrin ọ̀hún ti tún ṣíná sí mọ́tò rẹ̀.
Mo ní, “Yí i sókè díẹ̀ ná. N ò gbọ́ ọ dáadáa.”