Ilé Karùn-ún

Alẹ́ ọjọ́ ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìkọ̀lé,
erùpẹ̀ pápá ṣì wà ní kókósẹ̀ mi
nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Fátúnàse.

Àpótí mẹ́rin ni mo tò mọ́ra, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́:
Pupa, Aró, Ewéko, Ìyeyè.
Èdè C kì í ka ení, èjì bíi tiwa.
Òdo ló fi ń bẹ̀rẹ̀;
orí òfo ni àkọ́bí ń jókòó sí.

Mo wá dá ìránṣẹ́ kan, mo sọ ọ́ ní Àròpọ̀:
lọ, yà ní àpótí kọ̀ọ̀kan, mú èsì bọ̀,
má tàkúrọ̀sọ lọ́nà.
Kí n tó mí, ó ti dé.

Pupa, mọ́kànlélógójì.
Aró, mẹ́tàlélógójì.
Ilé karùn-ún, ẹgbàá mẹ́rìndínlógún ó lé!

Màmá gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó:
“Ulé karùn-ún kẹ̀? Ta ló kọ́ ọ?”
Ilé tí kò sáré, tí kò fò,
òun ló fẹ́ gba ife.

Mo wò ó títí.
“Bí kò bá ju mẹ́rin lọ,” ni mo kọ,
“bí kò bá tíì tó mẹ́rin” ló yẹ kí n wí.
Ìránṣẹ́ mi ré ààlà kọjá,
ó wa iṣu olóko wálé fún mi.
Kò jalè. Bí mo ṣe rán an ló ṣe jẹ́ ẹ.

Mo pa àmì kan rẹ́.
Aró ló borí. Ìyeyè, ilé tèmi, ló gbẹ̀yìn.
Mo tún rán Àròpọ̀ lọ, bóyá…
Nǹkan kan náà ló mú bọ̀.