Àwọ̀n Ẹ̀bá Rélùwéè

Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.
Tèmi tẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú,
lẹ́bàá rélùwéè Òṣogbo,
níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń rántí wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan,
tí àwa afẹ̀yìntì pín ilẹ̀ ní ebè mẹ́wàá-mẹ́wàá.
Kìkì ìdí ẹ̀fọ́ ló kù. Ojú ibi tó gé gún régé
bí ẹni fi abẹ gé e.
Kò fa gbòǹgbò tu, kò tẹ ebè mọ́lẹ̀:
olè tó lọ ilé-ìwé.

“Ewúrẹ́ kọ́,” ni Bàbá Múfútáù wí,
“ewúrẹ́ a máa fa nǹkan ya bí ẹni ń bínú.
Wo imí rẹ̀, róbótó-róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ehoro ni.”
Ehoro! Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò,
mo wá jókòó, mò ń ka ìdí ẹ̀fọ́:
mẹ́rìnlá lánàá, mẹ́sàn-án lónìí.

Mo da eérú yí ebè ká. Òjò gbà á lọ́wọ́ mi.
Mo po ata gígún mọ́ omi ọṣẹ, mo wọ́n ọn;
èmi ni mo sín títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo so agolo mílíìkì mọ́ igi
kí atẹ́gùn lè bá mi ṣọ́ oko.
Atẹ́gùn sùn, ehoro jí.
Múfútáù ní kí n dẹ tàkúté.
Mo ní rárá. Kì í ṣe pé àánú pọ̀ lójú mi,
ìka ẹsẹ̀ ara mi ni mo ń rò:
n kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́.

Ni mo bá gba Gbódòfọ́n lọ,
mo bá Ṣàngódèyí apẹja dúnàádúrà
lórí àwọ̀n tó ti ya níkùn.
Mo rán an lóru méjì.
Mo gbẹ́ ilẹ̀, mo ri etí àwọ̀n mọ́ ọn,
nítorí ẹni tó bá mọ ilẹ̀ gbẹ́ kì í bẹ onibodè.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọ̀n mì.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Kì í ṣe ará igbó tí mo ti ń ṣépè fún:
funfun ni, ó sanra, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún,
okùn búlúù tín-ín-rín lọ́rùn ẹsẹ̀.
Ọkàn rẹ̀ ń lù ní àtẹ́lẹwọ́ mi.
Èmi olùkọ́ ìṣirò, n kò lè kà á.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọdékùnrin kan ń bọ̀ lójú irin,
ó ń pe “Òwú! Òwú!”
ní ohùn tí à ń fi pe ẹni tó ń bínú.
Jímọ̀ ni, ọmọ aránṣọ.
Àgò ehoro rẹ̀ ti jẹrà nísàlẹ̀.
Ó wo ebè, ó wò mí, ó wo ilẹ̀.
Mo ní, “Ìdí ẹ̀fọ́ mẹ́tàdínlógójì lo jẹ mí.”
“N kò lówó, Màmá.”
“Ta ló bèèrè owó?”

Láti ìgbà náà, gbogbo Àbámẹ́ta,
garawa ìgbẹ́ ehoro kan a dé sí ìdí ebè mi.
Ṣọkọ mi ti ga dé orúnkún.
Múfútáù ń bi mí pé ajílẹ̀ wo ni mo rà.
Mo ní olè ni mo mú,
mo ní kó máa san án padà láti ẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, mo ṣì ń na àwọ̀n,
mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ehoro Jímọ̀ ti ní àgò tuntun.
Ti inú igbó kò tíì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn.