Kókó Kẹta, Ẹ̀ka Kejì

Èmi ni mo máa ń pa iná yàrá ìkàwé
ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ní Ulaanbaatar,
nígbà tí èéfín èédú bá ti bo fèrèsé,
tí irin ilẹ̀kùn sì ti tutù débi pé
ó lè bó awọ ọwọ́ ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́.
Tsolmon kì í fẹ́ lọ.

Ojú ewé mọ́kànlélógójì ló ti kọ jọ
lórí ọdún tí yìnyín pa ẹran ọ̀sìn.
Ẹ̀ẹ̀meje ló kọ gbólóhùn àkọ́kọ́:
"Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni òtútù ti ń bá ọmọ aráyé jà."
Ẹ̀ẹ̀meje ló pa á rẹ́.
Mo ní, ọmọ mi, ta ló bi ọ́ léèrè ìgbà ìwáṣẹ̀?
Kí lò ń wá? Ó ní, òtútù.
Mo ní, òtútù wà níta, kò sọnù.
Ohun tó bá sọnù là ń wá.

Ó dákẹ́. Ó fi bírò ha orí.
Ó wá ní: agbo méjì ló wà ní àfonífojì kan náà,
yìnyín kan náà ló bò wọ́n.
Àgùntàn aládùúgbò yè. Ti àbúrò ìyá mi kú,
ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá,
wọ́n le gbagidi bí igi ìdáná.
Kí ló dé?
Mo ní, ìyẹn ni. Kọ ọ́ sókè pátápátá.

A fi àlùmọ́gàjí gé àwọn ojú ewé náà,
a tẹ́ wọn sílẹ̀ láàárín pẹpẹ ìwé méjì.
Èyí tó bá jọ èyí, kó sùn tì í.
Àwòrán ẹṣin bàbá àgbà rẹ̀, tó gbégbá orókè nínú eré sísá,
ó fi sí òkè, ó fi sí ìsàlẹ̀,
kò síbi tó gbà á.
Ó ki ẹṣin náà bọ àpò kóòtù.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣé ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń pa àgọ́ níbí?
Igi híhun bí àwọ̀n ni wọ́n ń kọ́kọ́ nà,
kí aṣọ irun àgùntàn tó dé e.
Ẹni tó fi aṣọ ṣáájú igi, òkìtì aṣọ ló ní, kò ní ilé.
Mo fẹ́ wí bẹ́ẹ̀ fún un. N kò wí i.
Inú àgọ́ ni wọ́n bí i. Ta ni èmi ọmọ ìgboro?

Ó ku kókó kẹta. Ó kọ "Koríko" sí i.
Ẹ̀ka kìíní: iye tí aládùúgbò kó pamọ́. Ó ní in.
Ẹ̀ka kejì: òfìfo.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wo ìlapa èrò:
kì í to ohun tí o mọ̀ nìkan,
ó ń nàka sí ibi tí o kò tíì dé.
Nínú àròkọ gígùn, ọ̀rọ̀ dídùn lè bo ihò mọ́lẹ̀.
Lórí bébà pélébé, ihò ò níbi tí yóò sá sí.

Ó pe àbúrò ìyá rẹ̀ lórí fóònù.
Ìlà ń já, ó ń padà, ajá ń gbó lẹ́yìn ohùn.
Mo gbọ́ tó béèrè. Mo gbọ́ ìdákẹ́.
Mo gbọ́ ọkùnrin tó wúkọ́ kó tó fèsì.
Ó ní koríko lọ́dún náà,
ó ju ti aládùúgbò lọ pàápàá.
Ó tà á.
Oṣù kẹsàn-án ni, owó ilé-ìwé ọmọ kan ti tó san ní Ulaanbaatar.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá. N kò pa iná.
Tsolmon jókòó sáàárín àwọn bébà,
ó pẹ́ kó tó ṣí ìdérí bírò.
Kò kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹkún ì bá ti rọrùn.
Kò jù ú sápò bí ẹṣin.
Ó fi sí àyè rẹ̀, kókó kẹta, ẹ̀ka kejì,
lẹ́tà kéékèèké tó dúró ṣinṣin:
"Koríko tí a tà. Ìdí tí a fi tà á."
Ó gbójú sókè wo ìbéèrè náà,
ó wò ó títí,
lẹ́yìn náà ó ní kí n yá òun ní gọ́ọ̀mù.