Àga Kejì

Àga kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá Kàbà,
ti ọ̀gá ni.
Ẹni tí wọ́n lù, ẹni tí wọ́n jà lólè,
orí ìdúró ni yóò ti ròyìn,
kóńtà á ga dé àyà rẹ̀ bí ògiri ọgbà.
Mo padà sílé, mo gbé àga igi tí bàbá mi máa ń gbé sábẹ́ igi kajú,
mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.
Sájẹ́ǹtì Ọbájẹmu bú sẹ́rìn-ín:
"Màdáàmù, ṣé ẹ fẹ́ ṣí búkà ni?"
Mi ò fèsì. Mo nu eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Mi ò wọ dúdú, mi ò gbé ìbọn,
kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé ò sí lọ́wọ́ mi.
Orúkọ iṣẹ́ mi gùn ju owó oṣù mi lọ:
Alátìlẹ́yìn Ẹni Tí Wọ́n Ṣe Níkà.
Àwọn ará ìlú gé e kúrú.
Ìyá Alága ni wọ́n ń pè mí,
àlejò á sì rò pé mo dupò mo wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, tí kajú ń já bọ́ lóko,
Ibíjọkẹ́ wọlé láti Ìyàrà,
ó fi ìborùn bo ojú òsì,
bàtà ẹsẹ̀ kan.
"Okun o," ló wí.
Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí wọ́n gba okun lára rẹ̀
ló kọ́kọ́ kí mi pé kí n lókun.
"Okun," ni mo dáhùn. Ohùn mi há.

Fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ. Ó béèrè ọjọ́ orí.
Ó béèrè iye owó kajú tí wọ́n kó.
Kò béèrè bóyá ó ti sùn láti ọjọ́ Ajé,
kò béèrè ta ló ń bá a gbé ọmọ ọwọ́.
Mo béèrè. Kò sí àyè tí n ó kọ ọ́ sí,
mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.

Sájẹ́ǹtì ní, "Kí ló mú ọ dé ẹ̀yìnkùlé lóru?"
Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ìbéèrè yẹn de olè."
Bírò rẹ̀ dúró. Ó wò mí títí.
Ó fagi lé e, ó kọ òmíràn.
Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn:
owó ara rẹ̀ ló fi ra omi inú ọ̀rá fún obìnrin náà.

Orúkọ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹbí ti kún ọkọ̀ kan dé,
pẹ̀lú iṣu, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí wọ́n ti kọ tán.
"Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé."
Ilé wo? Ẹ̀yìnkùlé ilé yẹn náà ni wọ́n ti fọ́ ọ lójú.
Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi kọ́ ni kí n bá a pinnu.
Mo kàn yí àga rẹ̀ padà kí ó lè kẹ̀yìn sí wọn,
mo lóṣòó níwájú rẹ̀:
"Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ fẹ́?"
Ó pẹ́.
Tírélà sìmẹ́ǹtì mẹ́ta kọjá lọ́nà Ọbájànà,
fèrèsé gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó dákẹ́.
"Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́. Ilé ẹjọ́ ti sún un lẹ́ẹ̀mẹrin.
Lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin la jọ lọ, la jọ bọ̀,
gúgúrú lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ò púpọ̀.
Mi ò mọ ibi tí yóò já sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé.
Kí n tó dìde, Sájẹ́ǹtì ti fa àga náà jáde,
ó gbé e kúrò lójú oòrùn.
"Rọra," ló wí fún un, "ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì."
Òótọ́ ni. Fọ́ọ̀mù àtijọ́ kan tí mo ká
ni mo fi tì í.