Ọwọ́ Verla

Ní Ọjọ́rú tí yìnyín bo ojú títì Montana dé orúnkún
ni Verla, aya Orrin, ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.
Ó gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní,
"Thayne, ìbọn kékeré kan ni mo ń wá."

Mo rò pé ó ń ṣeré ni.
Ta ló ni odò tó tún ń ra omi mu?
Èmi ni mo ta ìdajì ohun tó wà nílé rẹ̀ fún olóògbé:
ìbọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì,
ìbọn ọdẹ, ìbọn ogun tí baba bàbá rẹ̀ gbé bọ̀ láti òkè òkun,
ṣakabùlà kan tí igi ìdí rẹ̀ dúdú bí oyin àtijọ́,
ìbọn ìléwọ́ onífàdákà tí kò tíì yìn rí,
nítorí, Orrin ní, bí ọta bá gba ẹnu rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan péré
iye rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn.
Ní alaalẹ́ Sátidé a fi òróró pa wọ́n lára
bí ìyá ọlọ́mọ tuntun.
Ó ní ìwé kan tó ń kọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí:
ibi tó ti rà á,
ẹni tó kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi tà á.

Verla bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo rí ọwọ́ náà.
Oríkèé wú bí kókó ara igi,
ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn.
"Kò sí èyí tí mo lè gbé nínú wọn," ó ní.
"Wọ́n fọ́ ilé àwọn Lindqvist lóṣù tó kọjá.
Fóònù kì í mú níbi tèmi.
Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni ọlọ́pàá fi máa dé,
ìyẹn bí kò bá sí yìnyín."

Mo gbé èyí tó kéré jù síwájú rẹ̀,
irú tí àwọn ọkùnrin máa ń ní kí n gbé fún ìyàwó wọn.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ìbọn tó fúyẹ́ ló ń tàpá jù,
bí ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n pọn òun.
Ó fẹ́ fa ẹ̀yìn rẹ̀: ó kọ̀.
Ó gbé e ti àyà, ó fi eyín pa eyín: ó kọ̀.
N kò ràn án lọ́wọ́.
Ta ni yóò ràn án lọ́wọ́ lóru?
Mo gbé òmíràn. Mo gbé òmíràn.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ,
t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè;
ìbọn ni kèrègbè ọjọ́ náà.

Nígbà tó yá, mo mú ẹni àtijọ́ kan wá láti ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀,
ó wúwo, ilé ọta rẹ̀ ń yí bí òkòtó.
Apátí rẹ̀ rọ̀.
Verla kọjú ẹnu rẹ̀ sí ògiri, ó mú èémí dúró.
Tá. Òfìfo ni.
"Ó dà bí ọwọ́ ìlẹ̀kùn ilé ìdáná mi," ó ní.

Ó wá dákẹ́.
"Thayne, bó bá jẹ́ ọmọ Lindqvist ló ń kanlẹ̀kùn ńkọ́,
tó kàn ṣìnà nínú yìnyín?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti dúró sẹ́yìn gíláàsì yìí.
Wọ́n ti bi mí nípa ọta, nípa owó,
nípa bó ṣe máa jìnnà tó.
Ẹnì kan ò bi mí ní ìyẹn rí.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì kan ti ìbọn náà.
"Ìmọ́lẹ̀ ni kó kọ́kọ́ jáde," mo ní.
"Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ."
N kò sọ ẹ̀kẹta. Kò bèèrè.

Ó sanwó àwọn méjèèjì.
"Bí ooru bá dé, wá kó àwọn tilé lọ.
Fi èyí tí kò yìn rí sílẹ̀.
Òun ló jọ ọkọ mi."

Ó gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí gíláàsì.
Mo sáré jáde, ọkọ̀ rẹ̀ ti yà.
Mo padà wọlé, mo wò wọ́n.
Ìka wọn ṣì tẹ̀.